Rédíò kọ́ ló gbé e dé kọmisáríà: ọ̀ràn akọ̀ròyìn kan ní Kétu

Ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, bí o bá fẹ́ kí gbogbo èèyàn dá sí ọ̀rọ̀, dá ọ̀rọ̀ omi sílẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ jìn ní àgbègbè náà, kànga tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ kì í sábà tó o. Nítorí náà, gbogbo kànga ẹ̀rọ ló ní ìtàn tirẹ̀: ta ló gba iṣẹ́ náà, ta ló gé rìbọ́n, ìgbà wo ni omi dá. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ló gbé akọ̀ròyìn kan dé iwájú ọlọ́pàá. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ rédíò rẹ̀ tàbí abúlé tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú kan náà ni gbogbo wọn ṣì ń gbé, wọ́n sì ń pàdé lọ́jà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni. Ó ń darí ètò òwúrọ̀ lórí rédíò aráàlú, ètò tí àwọn èèyàn máa ń pè sí láti abúlé láti sọ ohun tó ń dùn wọ́n. Láti ìgbà tí òfin ọdún 1997 ti ṣí afẹ́fẹ́ sílẹ̀ fún àwọn aládàáni ni irú rédíò yìí ti di ẹnu aráàlú ní Benin, ṣùgbọ́n owó kì í sí níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fún ọmọ náà lóṣù kò tó epo alùpùpù rẹ̀. Kò ní káàdì akọ̀ròyìn, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn tí ẹ ń gbọ́ ohùn wọn láràárọ̀ kò ní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá kan pè. Ó ní wọ́n ti ṣí kànga ẹ̀rọ ní abúlé àwọn, wọ́n lu ìlù, wọ́n jó, àwọn èèyàn pàtàkì gé rìbọ́n, omi sì tú jáde lójú gbogbo èèyàn. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀kán kan kò tún jáde mọ́, wọ́n sì ti fi ágádágodo ti ojú ẹ̀rọ náà pa. “Odò tí màlúù ń mu la tún padà sí, ọmọ wa.” Akọ̀ròyìn náà ṣe ohun tó yẹ. Ó bi ìyá náà ní ọjọ́ tí wọ́n gé rìbọ́n, ó gba ẹlòmíràn láti abúlé kan náà sórí afẹ́fẹ́, ó sì ní kí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ pe agbaṣẹ́ṣe tó gbẹ́ kànga náà. Fóònù dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó wá sọ fún àwọn olùgbọ́ pé àwọn ti wá ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà, àwọn kò rí i, àyè sì ṣí sílẹ̀ fún un nígbàkigbà. Kò dárúkọ ọkùnrin náà, kò dárúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti gbọ́ ohùn ètò yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò rí àbàwọ́n kan níbẹ̀.

Nígbà tó délé ló mú fóònù. Ó gbé fọ́tò ẹ̀rọ tí wọ́n tì pa sórí ojú-ìwé Facebook tirẹ̀, ó kọ orúkọ agbaṣẹ́ṣe náà ní kíkún, ó sì fi gbólóhùn kan tẹ̀lé e: “Ó jẹ owó omi àwọn ìyá wa.” Ó fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp mélòó kan, títí kan èyí tí àwọn ọmọ Kétu tó wà ní Cotonou, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Èkó wà nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyàwó agbaṣẹ́ṣe náà ti gbọ́ ọ láti ẹnu àbúrò rẹ̀ ní Èkó.

Ibí yìí ló yẹ ká ti yẹ òfin wò. Òfin Àgbà ilẹ̀ Benin, ti 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, sọ ní abala 24 pé ìjọba gba òmìnira ìròyìn, pé òun náà ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì fi HAAC, ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ìwé ìròyìn, ṣọ́ ọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2015, òfin ìròyìn jáde, Code de l'information et de la communication. Fún oníròyìn tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́ kàn, òfin yìí mú ẹ̀wọ̀n kúrò, ó fi owó ìtanràn rọ́pò rẹ̀. A yọ̀ lọ́dún náà, ó sì yẹ ká yọ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, Code du numérique, òfin tó kan ọ̀rọ̀ ayélujára, dé. Abala 550 rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá dá ìròyìn èké sílẹ̀ nípa ẹnìkan, tàbí tó bá tàn án kálẹ̀, lórí ìkànnì ayélujára tàbí ẹ̀rọ mìíràn, yóò ṣẹ̀wọ̀n oṣù 1 sí 6, yóò sì san ìtanràn 500,000 sí 1,000,000 sẹ́fà. Abala yẹn kan náà ló fi ìjìyà tó tún wúwo ju èyí lọ lé ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ yọ ẹlòmíràn lẹ́nu. Òfin ọdún 2018 kò béèrè bóyá oníròyìn ni ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti jáde ló ń wò.

Ohun tó bá jáde láti rédíò ọmọkùnrin yìí, abẹ́ òfin ọdún 2015 ló wà. Ohun tó jáde láti fóònù rẹ̀, abẹ́ òfin ọdún 2018 ni. Ètò kan náà, ẹnu kan náà, ọjọ́ kan náà.

Agbaṣẹ́ṣe náà kọ́kọ́ pe ọ̀gá rédíò. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n kò sọ̀kò ọ̀rọ̀. Ohun tó béèrè ni pé kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, kí ọmọ náà sì wá tọrọ àforíjì nílé òun. Ọ̀gá rédíò ní kí ó wá sórí afẹ́fẹ́ wá sọ tẹnu rẹ̀, pé ẹ̀tọ́ ìfèsì wà nínú òfin. Ó fèsì pé, “Ẹ̀gbọ́n, rédíò yín kò ṣẹ̀ mí. Facebook ló ṣẹ̀ mí.” Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, mo mọ̀ pé ó ti bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rù ba akọ̀ròyìn náà lóru ọjọ́ yẹn, ó sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ibí yìí ni ọ̀ràn náà ti kọ́kọ́ yí padà, ó sì yí sí ibi tí kò dára. Agbaṣẹ́ṣe ti mú huissier, òṣìṣẹ́ òfin tó ń jẹ́rìí sí nǹkan lórí ìwé, lọ ya àwòrán ojú-ìwé náà pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Tirẹ̀ ti wà nínú fáìlì. Ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́ ni ọmọ wa. Lábẹ́ ohun tó kọ, àwọn ará abúlé náà bíi mélòó kan ti fèsì, wọ́n ti fi fọ́tò tiwọn sí i, ẹnìkan tilẹ̀ ti kọ ohun tó rí lọ́jọ́ tí wọ́n gé rìbọ́n. Gbogbo ẹ̀rí yẹn bá a lọ. Nínú àwọn ọ̀ràn bíi mélòó kan tí mo ti bá wọn dá sí, èyí ni mo máa ń rí jù: ẹni tó bẹ̀rù a máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu ohun tí ì bá gbà á là.

Ìpè ọlọ́pàá dé lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ọ̀sán, lórí fóònù. Ẹ má fojú kéré ọjọ́ yẹn. Òfin Àgbà, ní abala 18, kò gbà kí wọ́n fi ẹnikẹ́ni sí àtìmọ́lé ju wákàtí 48 lọ láì gbé e dé iwájú adájọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọlé nírọ̀lẹ́ Ẹtì lè ka wákàtí rẹ̀ pé nígbà tí ọ́fíìsì gbogbo ti tì. Ọ̀gá rédíò náà gbọ́n. Kò sọ pé ọmọ náà kò ní wá, ó kàn bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kí wọ́n fún àwọn ní ìwé ìpè kí àwọn lè fi sínú fáìlì rédíò. Ìwé dé lọ́jọ́ Ajé. Láàárín ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Ajé yẹn, a ti rí agbẹjọ́rò ní Àjàṣẹ́.

Kò pẹ́ kí ẹ̀rù tó gba gbogbo ilé rédíò náà kan. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu wọn, Ignace Sossou. Akọ̀ròyìn Bénin Web TV ni, wọ́n mú un ní 20 oṣù Kejìlá ọdún 2019 nítorí ohun tó fi sórí ìkànnì ayélujára nípa ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò ìjọba kan sọ níbi ìpàdé àwọn oníròyìn. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ilé-ẹjọ́ ní Cotonou gbé abala 550 jáde, ó sì dá ẹ̀wọ̀n oṣù 18 fún un. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín in kù ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó sì jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2020. Lọ́dún 2020 kan náà, àjọ Reporters sans frontières to Benin sí ipò 113 nínú orílẹ̀-èdè 180 ní ti òmìnira ìròyìn. Ìyá akọ̀ròyìn Kétu yìí kò mọ abala kankan, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ Sossou, ó sì ti ń di aṣọ ọmọ rẹ̀ sínú báàgì.

Ní kọmisáríà, àgọ́ ọlọ́pàá, wọn kò lù ú, wọn kò bú u. Ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bi í bóyá òun ló ni ojú-ìwé náà àti bóyá òun ló kọ gbólóhùn yẹn, ó sì dáhùn. Nígbà tí wọ́n gbé PV, ìwé tí ọlọ́pàá kọ ohun tó sọ sí, fún un pé kó fọwọ́ sí i, agbẹjọ́rò ti kìlọ̀ fún un pé kó ka gbogbo rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ Faransé, bí ó tilẹ̀ gùn. Ó kà á, ó sì rí ìlà kan tó sọ pé ó gbà pé òun ba orúkọ ọkùnrin náà jẹ́. Ohun tó sọ kọ́ nìyẹn. Ó ní òun gbà pé òun kọ ọ́. Bóyá ó ba orúkọ jẹ́ tàbí kò bà á jẹ́, adájọ́ ni yóò sọ. Ọlọ́pàá náà wò ó, ó sì tún un kọ. Mo gbà pé ìlà yẹn ló gba ọmọ náà ju gbogbo ohun tí àwa yòókù ṣe lọ. Wọ́n jẹ́ kó lọ sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹlòmíràn wà tí a kò rántí. Olùkọ́ kan ní abúlé náà ti fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́. Ìwé ìpè dé ọ̀dọ̀ òun náà. Kò kọ lẹ́tà kan níbẹ̀, ó kàn fi ránṣẹ́ síwájú ni, ṣùgbọ́n òfin fi ẹni tó dá a sílẹ̀ àti ẹni tó tàn án kálẹ̀ sójú kan náà. Ọmọ náà sunkún nígbà tó gbọ́. Ó ní bó ṣe òun nìkan ni, ì bá yé òun.

Ọ̀gá rédíò gbìyànjú láti gbé ọ̀ràn náà lọ sọ́dọ̀ HAAC. Èrò rẹ̀ ni pé bí HAAC bá sọ pé ọ̀ràn ìròyìn ni, yóò bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Mo sọ fún un pé kò ní ṣiṣẹ́, ó sì kọ lẹ́tà náà síbẹ̀. Àṣẹ tí rédíò gbà, orí ìgbì afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló wà. Kò kan ojú-ìwé Facebook tí òṣìṣẹ́ ṣí fúnra rẹ̀. HAAC fúnra rẹ̀ ti sọ ní oṣù Keje ọdún 2020 pé kí ìkànnì ìròyìn tí kò bá gba àṣẹ lọ́wọ́ òun dáwọ́ dúró. Bí a bá ní ojú-ìwé náà jẹ́ iṣẹ́ ìròyìn, a tún ti dá ẹ̀sùn mìíràn sílẹ̀ lọ́rùn ara wa. Lẹ́tà náà ní èrè kan ṣoṣo: nítorí rẹ̀, wọ́n wá ohùn ètò òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, wọ́n dà á kọ sórí kọ́ọ̀bù USB mẹ́ta, wọ́n kó wọn pa mọ́ síbi mẹ́ta.

Nígbà náà ni agbẹjọ́rò béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò tíì béèrè. Ó ní ọ̀rọ̀ “èké” ló wà nínú òfin. Kí ni èké nínú ohun tí ọmọ yìí kọ? Ó rán wa lọ wá ìwé iṣẹ́ náà. Òfin ọdún 2015 fún oníròyìn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé tó wà lọ́wọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ àti ọ̀rẹ́ kì í dọ́gba ní ọ́fíìsì: ọ̀nà tí a gbà rí i ni pé ọ̀gá rédíò mọ ẹni tó mọ ẹnìkan. Ohun tó wà nínú ìwé náà ya gbogbo wa lẹ́nu.

Iṣẹ́ náà pín sí méjì. Agbaṣẹ́ṣe tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ gba ìpín kìn-ín-ní: kó gbẹ́ ilẹ̀ dé ibi tí omi wà, kó kó páìpù sí i, kó dán omi wò. Ó ṣe é, wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìbuwọ́lù wà níbẹ̀. Ìpín kejì, ẹ̀rọ afami, sólà àti táńkì, wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn tí kò tíì ṣe é tán. Omi tí ìyá náà rí lọ́jọ́ ayẹyẹ, ẹ̀rọ afami àti jẹnẹrétọ̀ tí agbaṣẹ́ṣe náà gbé wá láti fi dán kànga wò ló fà á jáde. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ lẹ́yìn ayẹyẹ, omi sì bá a lọ.

Nítorí náà, òtítọ́ ni ìyá náà sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òtítọ́ ni fọ́tò náà. “Ó jẹ owó” nìkan ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìbéèrè tó tóbi jù lọ sì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò béèrè: ta ló ní kí wọ́n gé rìbọ́n lórí iṣẹ́ tó kù ní ìdajì? Ìyẹn ni ìròyìn gidi tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ náà jókòó lé e lórí, ó ń ju òkúta lu ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti là. A kò lè lọ sílé-ẹjọ́ lọ jà fún gbólóhùn yẹn, agbẹjọ́rò sì ní kí àwọn àgbà dá sí i kí fáìlì tó jókòó pa ní Pobè, níbi tí ilé-ẹjọ́ wa wà. Ìpàdé náà wáyé ní ilé àgbà kan tí àwọn méjèèjì ń pè ní Bàbá. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí gbogbo èèyàn retí, pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbé Ẹ̀fẹ̀ dìde, bí ará Kétu ti máa ń ṣe. Ó ní lóru Ẹ̀fẹ̀, a máa ń fi orin bá ọ̀bàyéjẹ́ wí, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni a máa ń dárúkọ rẹ̀, síbẹ̀ ìyá tó bí i á mọ̀, ilẹ̀ á sì mọ́ láìsí ìjà. Agbaṣẹ́ṣe náà dọ̀bálẹ̀ kó tó fèsì: “Bàbá, Ẹ̀fẹ̀ kì í kọ orúkọ mi ránṣẹ́ sí Èkó.” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, títí kan ọmọ náà. Mo rò pé ẹ̀rín yẹn ṣe ju òwe lọ.

Owó ìtanràn tí agbaṣẹ́ṣe ń béèrè kó wàhálà díẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ó padà sọ ọ́ nù. Owó huissier nìkan ni ẹbí ọmọ náà san padà fún un. Ibi tó le ni àforíjì. Ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí òun bá kọ “ẹ jọ̀ọ́” sórí Facebook, àwọn èèyàn á ní wọ́n ti fún òun lówó, ìyá tó pè sí ètò á sì dà bí opúrọ́. Ó tọ̀nà níbẹ̀, mo sì tì í lẹ́yìn. Ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni pé yóò kọ ìtúnṣe: pé kànga náà kò ní omi títí di òní, pé ẹni tí òun dárúkọ ti ṣe ìpín tirẹ̀ tán, wọ́n sì ti gbà á, pé òun kó ọ̀rọ̀ “ó jẹ owó” kúrò nílẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe yóò wá sórí rédíò, ní wákàtí kan náà, nínú ètò kan náà, láti ṣàlàyé iṣẹ́ tó ṣe. Ó wá, ó sì sọ̀rọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀ ló kọ̀wé pé òun ti fa ẹ̀sùn òun sẹ́yìn, fún ọmọ náà àti fún olùkọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwé yẹn pa ẹjọ́. Ẹni tó fẹ̀sùn kan ni lè fa ẹ̀sùn sẹ́yìn, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ìjọba, procureur bí a ti ń pè é, ló ni ẹjọ́ tí ìjọba bá fẹ́ ṣe, ó sì lè máa bá a lọ bó bá wù ú. Ìwé kankan kò tíì ti Pobè wá láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tó sọ pé ó ti parí. Ọmọ náà ń rìn káàkiri pẹ̀lú ìyẹn lọ́kàn. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ètò òwúrọ̀ náà. Ìgbìmọ̀ rédíò pinnu pé kò sí ìpè tààrà mọ́. Wọ́n ń gba ohùn àwọn ará abúlé sílẹ̀ ṣáájú, wọ́n ń gbọ́ ọ, wọ́n ń gé e. Ètò tí kò ní àbàwọ́n ló jìyà ohun tí Facebook dá sílẹ̀.

Nígbà tí a jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ rédíò lẹ́yìn ọ̀ràn yìí, ohun tí a kọ́kọ́ bá wọn sọ ni ojú-ìwé ara wọn. Ọ̀pọ̀ rò pé ibẹ̀ ni àwọn ti lómìnira ju orí rédíò lọ, nígbà tó jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni òfin ti le jù. Rédíò náà ti wá ní ìlànà báyìí: ohun tí o kò lè sọ lórí afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ọ̀gá rẹ létí, má ṣe fi orúkọ ara rẹ gbé e sórí ìkànnì. Bí ó bá ti wà níbẹ̀ tí wọ́n sì bínú, kọ́kọ́ ya àwòrán gbogbo rẹ̀, títí kan ìdáhùn àwọn èèyàn, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, kó o tó fọwọ́ kàn án. Fi nọ́ńbà agbẹjọ́rò sórí ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù rédíò, kò gbọdọ̀ jẹ́ orí fóònù ẹni kan ṣoṣo, nítorí fóònù yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà. Ní ti àwọn tó ń gba ọ̀rọ̀ kiri lórí WhatsApp, a ti wá ń sọ fún wọn lórí rédíò fúnra rẹ̀ pé fífi ránṣẹ́ síwájú kì í ṣe eré.

Ọ̀dọ́bìnrin kan níbẹ̀ béèrè bóyá a lè padà béèrè ọ̀rọ̀ rìbọ́n yẹn lórí afẹ́fẹ́, tàbí ó ti di èèwọ̀. Agbẹjọ́rò ní kò di èèwọ̀. Ó ní kí wọ́n mú ìwé ìpín méjèèjì dání, kí wọ́n ka ọjọ́ tí wọ́n gba ìpín kìn-ín-ní àti ọjọ́ tí wọ́n gé rìbọ́n sí etígbọ̀ọ́ àwọn èèyàn, kí wọ́n kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ kejì àti sí àwọn tó ṣe ayẹyẹ náà ṣáájú ètò, kí wọ́n gba ìbuwọ́lù pé wọ́n ti rí ìwé náà, kí wọ́n sì jẹ́ kó parí sórí rédíò.